Lórí Ọ̀rọ̀ Bóyá Kí Jẹ́jẹ́ Bímọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ bí o bá wà ní ìjókòó, mo sì kí ọ bí o bá wà ní ìdúró, nítorí mi ò mọ èyí tí lẹ́tà yìí máa bá ọ nínú méjèèjì. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àtẹ̀gùn ilé tí ò ń gbé, tí o ní ó jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, kò tíì máa dà ọ́ láàmú lórúnkún? Ọlọ́run tó ń bá ọ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ yóò máa bá ọ gòkè padà nírọ̀lẹ́. O ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì kò ní jí ní ọjọ́ kan kó kàn kórìíra rẹ láìnídìí. Àwa náà wà dáadáa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú mọ́ pé o ò gbé fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ lọ́nà tí wàá fi mọ̀ pé òun ṣì ń bínú díẹ̀.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó máa ń ké ti dákẹ́, mo fi epo sí i. Mo kan àga mẹ́fà fún ilé-ìwé, wọ́n gba márùn-ún, wọ́n ní ìkẹfà ń mì, mo ní ilẹ̀ wọn ló ń mì. Ológbò aládùúgbò wa ti kó wá sílé wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ajá rẹ, òun ni mo sì tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti bí oṣù méje, ìyá rẹ ní kí n má sọ ọ́ lórí fóònù nítorí mo máa ń pariwo, mi ò sì fẹ́ kọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sínú lẹ́tà, mo fẹ́ kó parí ná.

O rántí pé nígbà tí ò ń kó lọ sí ìlú ńlá, tí onílé rẹ ní òun kì í gba ajá, ìwọ lo fà á lé wa lọ́wọ́. Ọmọ oṣù márùn-ún ni nígbà náà, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Jẹ́jẹ́ tí o sọ ọ́ náà ni a ṣì ń pè é, orúkọ náà sì ń rò ó: kì í gbó ẹnikẹ́ni títí onítọ̀hún á fi wọlé, bó bá sì ti wọlé tán, kì í tún rí ìdí tí òun fi máa gbó mọ́. Abẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi ló máa ń sùn, nínú èérún pákó. Bí mo bá ń rẹ́ igi, gbogbo ara rẹ̀ á funfun, á wá dà bí ẹni tó ti darúgbó.

Ọ̀gá Wẹ́dà, ọ̀rẹ́ mi tó ń jó irin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó wá yá ayùn, ó wo Jẹ́jẹ́ títí, ó ní irú ẹwà báyìí kò yẹ kó parí sára ajá kan. Òun náà ní akọ ajá kan tó ń pè ní Ọ̀gágun, àyà rẹ̀ gbòòrò, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù. Ó ní ká pa àwọn méjèèjì pọ̀, ká sì pín àwọn ọmọ. Ó yá mi lára. Kí n má parọ́ fún ọ, mo ti ń rí àwọn ọmọ ajá náà lójú mi, mo ti ń bá wọn wí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ènìyàn mẹ́jọ ti wá sọ pé kí n fi ọ̀kan pamọ́ fún àwọn, mo sì ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ wọn sára pákó kan tí mo gbé ti ògiri. Mo wá kan àpótí ìbímọ fún un, mo fá inú rẹ̀ títí ó fi dán, kí igi má baà gún ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Gbogbo èyí kí n tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ ló ní kí n béèrè. Ó ní mo ti kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ṣé mo mọ iye oṣù tí ajá fi ń lóyún? Mo ní mẹ́sàn-án. Ó wò mí, ó wọlé.

O ti kọ́ mi pé ohunkóhun tí mo bá fẹ́ mọ̀, kí n tẹ fóònù kí n sì bi obìnrin tó wà nínú rẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́. Mo kí i, mo béèrè ọkọ àti àwọn ọmọ, mo ṣàlàyé ẹni tí mo jẹ́ fún un, pé ọmọ mi ń gbé ní ìlú ńlá lọ́hùn-ún, bóyá wọ́n ti jọ pàdé. Kí n tó dórí ọ̀rọ̀ ajá, ó ní ohun tí mo sọ kò yé òun. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ìyá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀, bóyá ó gbé nǹkan kaná.

Ọ̀gá Wẹ́dà wá mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ní ajá, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Igba ènìyàn àti méjìlá ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ ilé onílé gbọ́dọ̀ kí wọn, èmi sì ní ẹ̀kọ́ ilé, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ. Mo ti kí ẹni mọ́kànlélọ́gọ́ta kí wọ́n tó yọ mí. Mi ò bá wọn jà. Ẹnì kan ṣoṣo ló dá ìkíni mi padà nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì sọ fún mi pé kí n mú ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí n tó ṣe ohunkóhun.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò lè jù ọ́ lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì rẹ̀, tábìlì irin wà láàárín, òṣùwọ̀n ńlá wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn tí mo ń gbọ́ ohùn ajá níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ kò gbà láti gun òṣùwọ̀n àyàfi bí mo bá bá a gùn ún, ni dókítà bá wọn àwa méjèèjì pọ̀, ó wọn èmi nìkan, ó sì yọ mí kúrò nínú rẹ̀. Mo rò pé ó máa wo ojú ajá kó sì sọ pé ó lè bímọ tàbí kò lè bímọ. Fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rin ló gbé fún mi.

Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n béèrè orúkọ, mo kọ Jẹ́jẹ́. Wọ́n béèrè orúkọ ìdílé, mo kọ tiwa, mi ò mọ òmíràn tó lè máa jẹ́. Wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí, mo kọ pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Wọ́n béèrè bóyá ó ti bá akọ pàdé rí, inú bí mi díẹ̀, mo kọ pé a ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé kí ló dé tí mo fi fẹ́ kí ajá mi bímọ, wọ́n fi ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìdáhùn náà. Mo kọ pé, "Ọ̀gá Wẹ́dà ló sọ bẹ́ẹ̀." Ìlà mẹ́sàn-án ló kù.

Dókítà kà á, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ìdí tiwọn náà nìyẹn, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi. Ajá mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, tọmọdé tàgbà, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ti ń retí. Ó ní gbogbo wọn ni ẹnì kan fẹ́ nígbà tí wọ́n bí wọn. Ó ní bí ènìyàn bá máa mú ajá bímọ, ó yẹ kó mọ ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lọ kí oyún tó dúró, kó sì gbà pé èyíkéyìí tí wọ́n bá dá padà, ọ̀dọ̀ òun ló ń bọ̀, kì í ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan, títí ọmọ náà á fi darúgbó. Mo ní títí á fi darúgbó? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ro ọjọ́ orí tèmi mọ́ ti ọmọ ajá tí a ò tíì bí. Mi ò sọ iye tí mo rí fún un.

Ó wá fún mi ní ìwé kan tí wọ́n kọ ìbéèrè sí, pé kí n mú un lọ sí ilé àwọn ènìyàn mi mẹ́jọ. Mo wọ bàtà, mo lọ. Tíṣà àgbà ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ilé rẹ̀ kò ní ọgbà, ọ̀nà ọkọ̀ ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an, mo bi í pé níbo ni ajá máa wà, ó ní ajá máa mọ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún àwọn ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ ṣe, ó fún mi ní méje nínú mẹ́wàá. Gẹrígẹrí ń gẹ irun mi lọ́wọ́ nígbà tí mo bi í, ó sọ fún mi láìfi bò pé òun máa tà á fún ẹnì kan tó ń rà wọ́n lọ́pọ̀, pé ẹni yẹn kì í sọ ohun tó ń fi wọ́n ṣe. Mo dìde lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ irun, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wọ fìlà. Awakọ̀ kì í sùn sílé ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀. Ọmọ aránṣọ máa ń sín bó bá ti fọwọ́ kan irun ẹran, ó ń sín bí mo ṣe dúró níbẹ̀ nítorí Jẹ́jẹ́ ti fara nù mí. Bí mo ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń pa orúkọ rẹ́ lọ́kàn. Nígbà tí mo fi padà délé, ẹni méjì ló kù lára pákó: ìyá oníbúrẹ́dì, tí kì í kúrò nídìí ààrò rẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tó bi mí ní ìbéèrè tó ju èyí tí mo bi òun lọ.

Mo padà sọ fún dókítà. Ó ní ẹni méjì dáa, ṣùgbọ́n ajá tó tó Jẹ́jẹ́ lè bí mẹ́jọ. Ó ní ká má tíì máa ka ọmọ, ká kọ́kọ́ ya fọ́tò ìbàdí rẹ̀ àti ti Ọ̀gágun, nítorí àìsàn ìbàdí máa ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, ẹni tó bá sì mọ̀ tó tún ṣe é, ó ti fi ìrora ránṣẹ́ sí ilé onílé.

Nítorí fọ́tò náà, mo fi ọṣẹ wẹ Jẹ́jẹ́, mo fi kóòmù ya irun rẹ̀, ìyá rẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà tú aṣọ náà, ó fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ó gbé e wọ yàrá dúdú. Mo ní kò ní rẹ́rìn-ín bó bá ń sùn. Lẹ́yìn náà ló gbé fọ́tò náà síwájú iná. Funfun àti dúdú ni, kò sí ojú, kò sí etí. Mo ní kò jọ ọ́. Ó ní inú rẹ̀ nìyẹn. Mo sọ fún un pé inú Jẹ́jẹ́ dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ìka tọ́ka sí i, ó yé mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Orí eegun itan yẹ kó jókòó sínú ihò rẹ̀ bí ìgbà tí mo bá ti ẹnu igi kan bọ inú èkejì, kó má lọ, kó má bọ̀. Ti Jẹ́jẹ́, ihò náà ti tẹ́jú, eegun kò jókòó, ó kàn fara tì í. Lápá òsì ló burú jù. Dókítà ní ìyẹn ló fà á tó fi máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ìgbéraga ni. Ó ní ó lè gbé ayé rẹ̀ dáadáa bí kò bá sanra, bí kò bá máa fò, ṣùgbọ́n bó bá ru oyún ọmọ mẹ́jọ, eegun náà lè má padà sí bó ṣe wà, àwọn ọmọ náà sì lè jogún àìsàn náà. Ó ní àwọn kan máa ń ṣe é náà. Ó ní òun kò lè dá mi dúró, ajá kì í ṣe ti òun.

Ọ̀gá Wẹ́dà ní fọ́tò ń purọ́. Ó yọ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde, ó ní kí n wò ó, ṣé òun kò dà bí olè níbẹ̀? Òótọ́ ni, ó dà bí olè. Ó kọ̀ kí wọ́n ya Ọ̀gágun. Ó rán mi létí pé mo ti fún òun ní ọ̀rọ̀ mi, pé ogójì ọdún ni a ti jọ wà, mi ò sì yẹ ọ̀rọ̀ rí. Mo padà sílé, ọkàn mi sì ti ń sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mò ń rò ó pé ìwọ̀nba ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ká sì fún un ní oúnjẹ tó dáa.

Ìyá rẹ jókòó sídìí tábìlì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti fọ́tò, ti ihò eegun, ti ọ̀rọ̀ tí mo fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ń ṣa òkúta rẹ̀ lọ títí mo fi dé ibi tí mo ti ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìrẹsì.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré lèmi náà bí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí ìbàdí yìí ti ń dùn mí. Ẹ fi ajá náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa rìn bó ṣe ń rìn."

Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì rẹ̀.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìbí rẹ le. Ọjọ́ méjì ni, agbẹ̀bí sì sọ fún wa pé kí ìyá rẹ má tún dán an wò mọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ nìkan la ní. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìrora náà ti bá ọjọ́ yẹn lọ. O mọ bí ó ṣe máa ń rìn, tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan síwájú díẹ̀. Mo rò pé bó ṣe ń rìn nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àní òun ni mo fi ń dá a mọ̀ lókèèrè láàárín èrò. Mi ò kọ èyí kí o lè rò pé ẹ̀bi rẹ ni. Kì í ṣe ìwọ lo yan ọ̀nà tí o gbà jáde. Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni.

Mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi ìfági fá pákó orúkọ náà títí ó fi funfun. Mo sọdá lọ bá Ọ̀gá Wẹ́dà, ó ń jó irin lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé Jẹ́jẹ́ kò ní bímọ, pé mo yẹ ọ̀rọ̀ mi, kó má bínú. Ó fa ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó irin rẹ̀ lọ. Mi ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn gíláàsì dúdú yẹn. Fún ohun tó ju oṣù mẹ́rin lọ, kò bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo máa ń rí bí mo bá ti gbójú sókè.

Dókítà ní bó bá jẹ́ pé kò ní bímọ rárá, ó sàn kí wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé akọ ajá kan ló máa dáhùn ìbéèrè náà fún wa. Ìwé kan tún wà fún ìyẹn, wọ́n ní kí ẹni tó ni ajá fọwọ́ sí i. Mo ní ọmọ mi ló ni ín, kí wọ́n dúró kí n kọ̀wé sí ọ. Ìyá rẹ gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí i, ó ní ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀ ló ni ín. Má bínú sí wa. A dúró dè é láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀ tó kúrú, èmi jókòó, ìyá rẹ wà ní ìdúró, mo wá mọ ìdí rẹ̀. Mo lọ wá àga tó ga fún un láti inú yàrá dókítà.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ jáde, wọ́n ti fi ohun kan tó fẹjú bí ìbòrí àtùpà yí i lọ́rùn. Mo rò pé kó lè máa gbọ́ràn dáadáa ni. Wọ́n ní kó má baà lá egbò rẹ̀ ni. Wọ́n sì fi nǹkan kékeré kan bí hóró ìrẹsì sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, tó ní nọ́ńbà, pé bó bá sọnù a ó fi rí i. Mo tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù mi nígbà tí a délé, ó ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Bóyá wọn kò tíì ṣí i. Ṣùgbọ́n egbò náà ti san, ó ti ń jẹun, ó sì ti fọ́ ìbòrí àtùpà náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi.

Ọ̀gá Wẹ́dà kò jókòó lásán ní tirẹ̀. Ó ti mú Ọ̀gágun lọ bá abo ajá ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọta. Méje ni ajá náà bí, méjì kú. Kò sí ẹni tó ti kọ orúkọ sára pákó fún àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n tó ẹni tó ń jẹun dáadáa, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn nínú páálí ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ìlú ló ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo ní àpótí. Mo gbé wọn sínú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ gbóòórùn wọn, ó wo ojú mi, ó lọ sùn síbòmíràn. Ní ọjọ́ kẹta Ọ̀gá Wẹ́dà fúnra rẹ̀ sọdá wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú àpótí náà. Ọ̀kan nínú wọn ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó bi mí bóyá dókítà yẹn ṣì ní fọ́ọ̀mù náà.

A jọ lọ ni. Ó kọ tirẹ̀, mo bá a di páálí mú. Wọ́n ya fọ́tò Ọ̀gágun, èmi ò bi í bó ṣe rí, òun náà ò sọ, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n tẹ ajá náà lọ́dàá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá oníbúrẹ́dì gba ọ̀kan, nọ́ọ̀sì gba ọ̀kan lẹ́yìn tó ti wo eyín rẹ̀ àti etí rẹ̀. Dókítà wá ilé fún méjì. Èyí tó ń fa ẹsẹ̀, Ọ̀gá Wẹ́dà ló mú un. Ó ń gbé e sí èjìká lọ síbi iṣẹ́, ó ní òun kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó tún ti ń yá ayùn mi.

Ohun tó kù nìyí, kí o sì fi ọkàn bá mi lọ níbẹ̀. Nígbà tí a lọ tú òwú egbò Jẹ́jẹ́, mo pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í bóyá ó lè fi ẹ̀rọ rẹ̀ ya ìbàdí ìyá rẹ náà. Mo ní ìyá rẹ kò ní gbó mọ́ ọn, kò ní bu ú jẹ. Ó ní òfin kò gba òun láyè, ó kọ orúkọ ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ fún mi, ó ní àwọn dókítà eegun tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀, pé bó ti pẹ́ tó yẹn, ohun tí wọ́n lè ṣe ṣì wà. Mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ní òun kì í ṣe ajá. Mo ní ajá ti ya tirẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ràn.

Nítorí náà mò ń bẹ̀ ọ́ kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti ọkọ̀ wa méjèèjì àti ti fọ́tò náà, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Má fi sí báńkì. Mo lọ síbẹ̀, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní àkáǹtì mi ti sùn, mo ní kí ó rọra jí i, ó ní kí n lọ mú fọ́tò pélébé méjì wá. Mi ò rí ohun tí fọ́tò mi fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń sùn. Fi í rán ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá, nítorí ìyá rẹ lè kọ̀ fún èmi, ó lè kọ̀ fún dókítà, mi ò tíì rí ìgbà tó kọ̀ fún ọ.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ, iwájú kò ní dí, ẹ̀yìn kò ní fà ọ́. Ohun tí o bá tọ́jú á gbó lọ́wọ́ rẹ. Ara rẹ kò ní ṣe ọ́ ní ohun tí o máa fi pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ.

Ìyá rẹ ti kọjá lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé. Ó bi mí pé kí ló gùn tó báyìí tí mò ń kọ. Mo ní ọ̀rọ̀ ajá ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà.